Aago Tí Ó Ń Jẹ́ Orúkọ Ara Rẹ̀

Àwọn àgbà wa ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, n kò sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń ṣẹ tó òde ọjọ́ Àbámẹ́ta ní Mọdákẹ́kẹ́, níbi tí ọkùnrin tí ó gbé agbádá aṣọ òkè wọ̀, tí ó dé fìlà tí ó bá a mu, tí ó sì fi póláṣì dán bàtà rẹ̀ títí ó fi ń kọ mànà, yóò ká apá agbádá náà lé èjìká, tí gbogbo àwọn tí ó jókòó lábẹ́ àtíbàbà yóò sì wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó wo ojú rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń rí ní ọrùn ọwọ́ náà láyé òde òní ni ó mú mi gbé gègé. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé Rolex tàbí Patek Philippe ni a kọ gàdàgbà sí ojú aago náà, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó so ó mọ́wọ́ mọ̀, ẹni tí ó tà á fún un mọ̀, àwọn tí ó ń wò ó náà sì mọ̀, pé kò sí ẹnì kan ní Switzerland tí ó fi ọwọ́ kàn án rí. Èrò tèmi, tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé yẹ̀ wò, ni pé bí olùkọ́, akọ̀wé ìjọba, oníṣẹ́ ọwọ́, tàbí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń múra àtigbéyàwó bá ń fẹ́ aago ìmúròde, kí ó ra èyí tí agbára rẹ̀ ká, tí ó mọ níwọ̀n, tí ó fẹ́lẹ́, tí ó sì ń jẹ́ orúkọ ara rẹ̀.

Mímọ ìgbà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ wa. Àwọn baba ńlá wa tí ogun lé kúrò ní Ọ̀yọ́ Ilé, tí wọ́n wá fìdí kalẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ Ilé-Ifẹ̀, tí ibùdó wọn sì di ìlú Mọdákẹ́kẹ́ ní nǹkan bí ìdajì ọ̀rúndún kọkàndínlógún, mọ ìdájí yàtọ̀ sí àfẹ̀mọ́júmọ́, wọ́n sì mọ ìyálẹ̀ta yàtọ̀ sí ọ̀sán gangan tí oòrùn ń kan àtàrí. Àkùkọ ni ó ń jí wọn, òjìji ara wọn ni ó sì ń sọ fún wọn pé ó tó àkókò láti ti oko dé. Ṣùgbọ́n ìgbà kì í tọ́ lọ bí òréré, ayé kì í sì í tọ́ lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ilé ìjọsìn dé, ó gbé agogo kọ́. Ilé ẹ̀kọ́ dé, ó ní ẹni tí kò bá tíì wọlé kí aago mẹ́jọ tó lù yóò dúró síta. Kòkó náà dé, ó sì kó owó lé àgbẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí iye tí wọ́n ń ra kòkó fò sókè ní ọjà àgbáyé ní ọdún 1954, àgbẹ̀ tí ó ní oko ńlá ní ilẹ̀ Ifẹ̀ a fi owó náà kan páànù mọ́ orí ilé, a fi rán ọmọ níṣẹ́ ìwé, a fi ra kẹ̀kẹ́ Raleigh, bí ó bá sì ṣẹ́ kù, a fi ra aago tí yóò máa so mọ́wọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Aago ìgbà náà kò mọ bátìrì. Láràárọ̀ ni olówó rẹ̀ yóò máa fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ yí orí kékeré tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí yóò fi le, bí ó bá sì gbàgbé, aago náà yóò dákẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Seiko 5 dé, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní Japan ní ọdún 1963, aago tí mímì apá ẹni tí ó so ó ti tó láti máa yí i, tí ó sì ń fi ọjọ́ àti déètì hàn lójú fèrèsé kan ṣoṣo. Èyí tí wọ́n ń tà ní ilẹ̀ Lárúbáwá a máa ní orúkọ ọjọ́ ní èdè Lárúbáwá pẹ̀lú ti Gẹ̀ẹ́sì, irú rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ Alájì ìlú wa so bọ̀ láti Mẹ́kà, tí àwọn ọmọ wọn ṣì ń so títí di òní olónìí. Mo bọ̀wọ̀ fún aago wọ̀nyí gidigidi. Ẹni tí ó bá jogún ọ̀kan nínú àpótí baba rẹ̀ kò ní ìdí kankan láti wá òmíràn kiri. Kí ó gbé e tọ ẹni tí ó mọ iṣẹ́ lọ, kí wọ́n bá a tú inú rẹ̀ fọ̀, kí wọ́n fi òróró sí i, kí ó sì ra okùn awọ tuntun fún un, ó ti ní aago ìmúròde tí owó kò lè rà.

Àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa kò jogún aago. Ohun tí ó mú kí ó ṣeé ṣe fún irú wa láti ní aago tí ó péye ṣẹlẹ̀ ní Tokyo ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ọdún 1969, nígbà tí Seiko gbé aago kan tí ń jẹ́ Astron jáde, tí ó jẹ́ pé ègé òkúta kan tí wọ́n ń pè ní quartz ni wọ́n fi sí inú rẹ̀, tí agbára bátìrì sì ń mú un gbọ̀n láìsinmi. Lọ́jọ́ náà, 450,000 yen ni wọ́n ń ta ẹyọ rẹ̀ kan, owó tí ó tó ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré. Kò pẹ́ kò jìnnà, ohun tí ó jẹ́ ti olówó di ti gbogbo ayé. Casio, tí a ti mọ̀ mọ́ ẹ̀rọ ìṣírò, wọ inú iṣẹ́ aago ní ọdún 1974, F-91W rẹ̀ sì jáde ní ọdún 1989, aago onírọ́bà dúdú tí ń fi nọ́ńbà sọ àkókò, tí kò sí ilé ẹ̀kọ́ girama kan nílẹ̀ Yorùbá tí a kò ti rí i. Ilẹ̀ Switzerland, tí ó ti jẹ́ ọba nínú iṣẹ́ aago láti ìgbà àwọn baba wọn, mì tìtì: àwọn òṣìṣẹ́ aago ibẹ̀ tí wọ́n tó nǹkan bí 90,000 ní ọdún 1970 dín kù títí wọ́n fi ku nǹkan bí 30,000 ní àárín ọdún 1980 sí 1990.

Mo fẹ́ kí òǹkàwé dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí inú rẹ̀ ni gbogbo àwíjàre mi wà. Òkúta inú aago oníbátìrì òde òní a máa gbọ̀n ní ìgbà 32,768 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìdí nìyí tí aago Casio tí kò gbówó lórí kì í fi í yà kúrò lójú ọ̀nà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30 lọ nínú oṣù kan gbáko. Seiko 5 àwọn baba wa, pẹ̀lú gbogbo iyì rẹ̀, lè fi irú ìyẹn ṣòfò lójúmọ́ kan. Àní Rolex ojúlówó, èyí tí owó rẹ̀ tó kọ́ ilé, ohun tí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é ṣe ìlérí ni pé kò ní fi ju ìṣẹ́jú àáyá 2 yẹ̀ lójúmọ́, bí a bá sì ka ìyẹn pọ̀ di ọgbọ̀n ọjọ́, ó lè tó ìṣẹ́jú kan. Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ pé kí a mọ ìgbà ni a ṣe ń ra aago, olùkọ́ tí ó so Casio kò rẹlẹ̀ sí olówó tí ó so wúrà. Ohun tí olówó fi owó ńlá rà ni iṣẹ́ ọwọ́, ìtàn àti orúkọ. Wọn kì í sì í ta àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ̀nyẹn lórí àtẹ lẹ́bàá títì.

Ẹ jẹ́ kí á wá sọ ti owó. Kí ó tó di oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ lọ́jà, nǹkan bí ₦460 ni dọ́là kan ní báńkì. Nígbà tí ọdún 2024 fi máa lé ní ìdajì, ó ti ré kọjá ₦1,500. Aago tí ó jẹ́ 30 dọ́là, tí ìbá gba nǹkan bí ₦14,000 lọ́wọ́ ẹni nígbà náà, di ₦45,000, kí a tó ka owó ọkọ̀ àti èrè oníṣòwò mọ́ ọn. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin là sílẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2024 sì jẹ́ ₦70,000. Ẹni tí ó bá ń sọ pé aago 30 dọ́là kì í ṣe owó, kò mọ òṣìṣẹ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tí ń gbé Mọdákẹ́kẹ́, tí ń wọ ọkọ̀ lọ sí ẹnu iṣẹ́ láràárọ̀, tí ń san owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ mẹ́ta. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ń gba owó oṣù tí ó kéré jù lọ náà, aago náà ju ìdajì owó oṣù rẹ̀ lọ. Àwọn tí ó ní oko kòkó rí ìsinmi díẹ̀ ní ọdún 2024 kan náà, nígbà tí tọ́ọ̀nù kòkó kan ju 10,000 dọ́là lọ ní ọjà àgbáyé, a sì rí bí ọ̀kadà tuntun àti aago ńláńlá ti ṣe kún ìgboro. Ṣùgbọ́n ọdún tí ó tẹ̀ lé e kò tíì parí tí iye náà fi já wálẹ̀, ọ̀pọ̀ aago náà sì ti kú ṣáájú rẹ̀. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé aago gbọ́dọ̀ gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ. Ẹni tí kò bá tíì ní in, kí ó fi díẹ̀díẹ̀ kó o jọ, ojú kì í pọ́nni torí aago.

Inú ọ̀wọ́n yìí gan-an ni ayédèrú ti rí ààyè. Ẹ gba ọ̀kan lọ́wọ́ ẹni tí ń kiri rẹ̀ ní Sábó tàbí ní Lágere ní Ilé-Ifẹ̀, kí ẹ sì fara balẹ̀ wò ó dáradára. Ọwọ́ tí ó tín-ín-rín jù lọ lójú rẹ̀, èyí tí ń ka ìṣẹ́jú àáyá, yóò máa fò lọ́kọ̀ọ̀kan: yóò fò, yóò dúró, yóò tún fò. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ Rolex tí wọ́n ń ṣe lónìí, ìgbà mẹ́jọ ni ọwọ́ náà ń ṣípò láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ojú ẹni kò sì lè ká a mọ́ ibi tí ó ti ń dúró. Ẹ wo àwọn ojú kéékèèké mẹ́ta tí wọ́n tò sínú ojú ńlá, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì tí ó wà lókè àti nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò sí èyí tí yóò mira nínú wọn, nítorí pé ọ̀dà ni wọ́n fi yà wọ́n síbẹ̀ tàbí kí wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù lẹ ọwọ́ wọn mọ́lẹ̀. Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà: wọ́n kọ ọ́ pé irin tí kì í dípẹtà ni, ṣùgbọ́n ní ìkángun rẹ̀, níbi tí ṣéènì ti so mọ́ ara aago, òógùn oṣù díẹ̀ ti bó wúrà orí rẹ̀ kúrò, idẹ ti yọjú. Bí ẹ bá gbé e tọ àwọn tí ń tún aago ṣe lọ, wọn yóò yẹ̀ ẹ́ wò, wọn yóò sì dá a padà fún yín, nítorí pé ó ṣòro láti rí ohun èlò tí a lè fi pààrọ̀ tirẹ̀.

Àwọn kan ń wí pé kí ni ó burú níbẹ̀, àwọn ènìyàn kúkú mọ̀ pé kì í ṣe ojúlówó. N kò lè fara mọ́ ọn. Olùkọ́ tí ń sọ fún ọmọ kíláàsì kẹrin pé jíjí ìwé wò nínú ìdánwò jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, tí ọmọ náà sì ń ka orúkọ tí kì í ṣe òtítọ́ ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀ bí ó ti ń na ṣọ́ọ̀kì sí pátákó, ti ba ẹ̀kọ́ náà jẹ́ kí ó tó délé. Ọkọ ìyàwó tí ó fi irọ́ sọ́wọ́ ní ọjọ́ tí ó ń búra ti bẹ̀rẹ̀ ilé rẹ̀ láti ibi tí kò yẹ. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti aago ayédèrú kì í sì í tó ogún ọdún, nítorí pé níṣojú gbogbo ènìyàn ni yóò ti dúró sí aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú, tí olówó rẹ̀ yóò sì máa so ó kiri bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ má ṣe ṣì mí gbọ́. N kò bá àwọn ará Ṣáínà jà. Curren, Skmei àti Naviforce tí ó kún ọjà wa, Ṣáínà ni wọ́n ti wá, orúkọ ara wọn ni wọ́n sì ń jẹ́. Ẹni tí ó so wọ́n kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ohun kan ṣoṣo tí mo ní sí ọ̀pọ̀ nínú wọn ni pé wọ́n tóbi jù, wọ́n sì kún fún ohun tí ojú kò lè kà tán, tí wọn kò fi bá aṣọ òde mu.

Aago ìmúròde ní àṣà tirẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́ tó láti wọ abẹ́ ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì láìfi agídí, kí ó má sì di ohun tí yóò máa ya aṣọ lésì. Ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́ lóló: ọwọ́ méjì tàbí mẹ́ta, ìlà tàbí nọ́ńbà méjìlá, ó parí. Okùn awọ dúdú bá kóòtù àti bàtà dúdú lọ. Èyí tí ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí obì bá sányán àti bàtà búráwùn mu. Ẹni tí ó bá sì wọ ẹtù tàbí àlàárì kò ní ṣìnà bí ó bá so aago tí ara rẹ̀ funfun bí fàdákà. Ní ti títóbi, àwọn àgbà ti sọ ọ́ tán: ẹ̀wù àgbàwọ̀ kì í yẹ ọmọ ènìyàn, bí kò fúnni lápá, a ṣòni lọ́rùn, rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Fún ọ̀pọ̀ ọkùnrin wa, aago tí ó fẹ̀ tó mìlímítà 36 sí 40 ni ó rẹ́múrẹ́mú. Kí ẹni tí ń rà á gbé e lé ọrùn ọwọ́, kí ó sì wo etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí okùn ti so mọ́ ọn. Bí wọ́n bá yọ kọjá ẹ̀gbẹ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀, kí ó dá a padà fún ọlọ́jà, bí ó ti wù kí ó dán tó.

Èyí tí mo máa ń tọ́ka sí bí ẹnì kan bá bi mí ni Casio MTP-V001. Ó fẹ̀ tó nǹkan bí mìlímítà 38, nínípọn rẹ̀ kò tó 10, ọwọ́ mẹ́ta ni ó ní, kò ní déètì tí a ó máa tún tò nígbàkígbà tí oṣù bá pé ọgbọ̀n ọjọ́, bátìrì rẹ̀ a sì máa lò tó nǹkan bí ọdún 3. Wọ́n ń ṣe é ní ojú funfun àti ojú dúdú, pẹ̀lú okùn awọ tàbí ṣéènì. Ojú funfun tí ó ní okùn awọ dúdú ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé kò sí aṣọ tí ó ń bá jà. Bí ọkùnrin bá na ọwọ́ láti gba kọ́ọ̀pù omi, tí ó yọ lábẹ́ ọwọ́ aṣọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí ó sì tún padà wọlé, iṣẹ́ rẹ̀ ti pé.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ó kù sí pẹ̀lú. Ara rẹ̀ kì í ṣe irin gidi tí kì í dípẹtà. Wọ́n fi ohun dídán bo irin mìíràn ni, èyí sì jẹ́ àbùkù tí ọ̀pọ̀ aago tí owó rẹ̀ wà ní ìpele yìí jọ ní. Ẹni tí òógùn rẹ̀ pọ̀ gbọ́dọ̀ máa fi aṣọ fífẹ́lẹ́ nu ún bí ó bá ti òde dé. Ọ̀rọ̀ omi ni ó ṣe pàtàkì jù, pàápàá fún àwọn Mùsùlùmí àárín wa. Àlùwàlá lè wáyé tó ìgbà márùn-ún lójúmọ́, bẹ́ẹ̀ ni aago tí wọ́n kàn kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ pé ó lè gba omi, láìsọ ìwọ̀n, kò lè gbà ju kí omi ta sí i lára lọ. Kódà èyí tí wọ́n kọ mítà 30 sí kì í ṣe èyí tí a lè fi wẹ̀. Ìwọ̀n tí wọ́n fi dán an wò nílé iṣẹ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Kí Mùsùlùmí tí kò fẹ́ máa bọ́ ọ kí ó tó ṣe àlùwàlá ra MTP-1302 ti Casio kan náà, tí ó jẹ́ irin tí kì í dípẹtà láti òkè délẹ̀, tí ó sì lè gba omi dé ìwọ̀n mítà 50. Ìlà wẹ́wẹ́ tí wọ́n gbẹ́ yí ojú rẹ̀ ká jọ ti Rolex púpọ̀, n kò sì rí ẹ̀bi níbẹ̀: ó fi oge jọ ọ́, ṣùgbọ́n Casio ni a kọ sí i lójú.

Ẹni tí agbára rẹ̀ bá ju bẹ́ẹ̀ lọ lè wo Citizen, tí ó ti ń ṣe aago tí ìmọ́lẹ̀ ń fún lágbára láti ọdún 1976, oòrùn kò sì wọ́n wa. Tàbí kí ó wo Bambino ti Orient, tí kò ní bátìrì rárá, tí gíláàsì ojú rẹ̀ ṣe rogodo bíi ti aago àwọn bàbá àgbà. Ọbẹ̀ tí ó dùn, owó ni ó pa á.

Yálà èyí ni ẹ rà tàbí òmíràn, ọ̀dọ̀ àwọn tí ń tún aago ṣe ni ẹ ó padà sí, mo sì fẹ́ gbà wá níyànjú pé kí á bu ọlá fún wọn. Tábìlì kékeré kan, àpótí onígíláàsì lórí rẹ̀, agbòòrùn tí oòrùn ti mú kí ó ṣá: gbogbo ṣọ́ọ̀bù wọn nìyẹn. Ẹ wo ọ̀kan nínú wọn bí ó bá ń pààrọ̀ bátìrì. Yóò fi awò ojú kan há ojú, yóò fi ọ̀bẹ tín-ín-rín ṣí ẹ̀yìn aago, ìdérí náà yóò ró kẹ̀ẹ́. Yóò fi ẹ̀mú gbé bátìrì tí ó ti kú jáde, yóò yí i padà sí ìmọ́lẹ̀ láti ka nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò wá irú rẹ̀ nínú páálí. Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ kì í fi ìka lásán mú tuntun, nítorí ọ̀rá ara ń ba ẹnu bátìrì jẹ́. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ sì máa ń rí i dájú pé òrùka rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń dí omi padà sí ipò rẹ̀ kí ó tó tẹ ìdérí. Ẹ̀yin tí ẹ gbé aago wá, ẹ ní kí wọ́n já bátìrì tuntun kúrò nínú ọ̀rá níṣojú yín, nítorí bátìrì tí ó ti pẹ́ lórí àtẹ lè tú omi sínú aago, kí ó sì ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Owó tí wọ́n ń gbà kò tó nǹkan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti di arúgbó, ìwọ̀nba ọmọ ni ó sì ń wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, nítorí pé ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ni gbogbo wọn ń sáré lọ kọ́ bí a ti í tún ṣe. Bí a kò bá gbé aago gidi tọ̀ wọ́n lọ, ọjọ́ ń bọ̀ tí aago àjogúnbá yóò dákẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀ tí a ó máa gbé e lọ sí Ìbàdàn kí ó tó sọ̀rọ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ yóò wí pé fóònù ń sọ ohun tí aago ń sọ. Ó ń sọ ọ́, bí iná bá wà láti fi gba agbára. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó sínú ìpàdé ẹbí, níbi tí àgbà ń sọ̀rọ̀, kí ẹ sì fa fóònù yọ láti wo àkókò: gbogbo ojú yóò yí sí yín pé ọ̀rọ̀ àgbà ti sú yín, kí ẹ sì tó fi í padà sápò, ẹ ó ti ka iṣẹ́ mẹ́ta tí ẹnì kan fi ránṣẹ́. Ẹni tí ó so aago kàn yí ọrùn ọwọ́ padà díẹ̀ ni, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ẹni tí ń bá a sọ̀rọ̀. Bí Ọjọ́ Akórayè, tí í ṣe ọjọ́ àjọ̀dún ìlú wa, bá kò, tí àwọn ọmọ Mọdákẹ́kẹ́ bá ti ilẹ̀ òkèèrè dé, tí ìwé ìpè sì sọ aago mẹ́wàá, mo fẹ́ kí á rí àwọn tí ó so aago níbẹ̀ ní aago mẹ́wàá.

Ó ku ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, ó sì kan àwọn ìdílé tí ń fa ọmọ fọ́kọ. Nínú ẹrù ìdána, pẹ̀lú Bíbélì tàbí Kùránì, òrùka, agbòòrùn àti àpótí aṣọ, ọ̀pọ̀ ìwé tí àwọn ẹbí ń kọ ránṣẹ́ a máa ní aago nínú, èyí sì dára, nítorí pé ọkọ àti aya jọ ń wọ inú ìgbà kan náà lọ. Ohun tí kò dára ni pé àwọn kan ti ń kọ orúkọ ilé iṣẹ́ Switzerland síwájú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n mọ̀ dájú pé owó oṣù ọmọkùnrin náà kò lè rà á fún ogún ọdún, tí wọ́n sì ti ipa bẹ́ẹ̀ tì í sọ́dọ̀ oníṣòwò ayédèrú. Kí àwọn ìyá àti bàbá tí yóò kọ ìwé náà ní ọdún yìí kọ aago ọwọ́ síbẹ̀, kí wọ́n sì fi í mọ bẹ́ẹ̀.